Ìwé Àwọn Gbólóhùn tí A Yọ Kúrò

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà fún Bàbá Tíṣà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Àwọn mẹ́ta tí ó kọ́ ní ìmọ̀ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, títí wọ́n fi gba oyè kejì, ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bu ọlá fún un ní Ẹgbẹ́dá, àti pé àwọn ti gba ilé kan sílẹ̀ fún un ní Ìbàdàn, nítòsí tiwọn, kí ó má baà dá gbé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ó sọ pé òun kò ní lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi lẹ́tà náà sábẹ́ Bíbélì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ìyá mi a máa tètè jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, èmi nìkan a sì wà ní yàrá títí yóò fi dé. Yàrá méjì tó kọjú sí tiwa ni Bàbá Tíṣà ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ojúlé wa. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ kàwé fún un ní gbogbo Sátidé, tí òun sì ń kọ́ mi ní àròkọ.

Òfin kan ni ó ní. Bí mo bá tún àròkọ kọ, mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo gbólóhùn tí mo yọ sórí ìwé ọ̀tọ̀, kí n sì kà wọ́n sí i létí. Ó ní ẹni tí kò lè fi ohun tí ó yọ hàn kò tíì tún nǹkan kan kọ.

Nígbà tí àwọn àlejò náà dé, pálọ̀ kún: màmá kan tó lo gíláàsì, ọkùnrin kan tó sanra, àti ọ̀kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó tẹrí ba kí ó tó lè wọlé. Mo rò pé ìyìn ni wọn yóò kà. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú bébà ògbólógbòó jáde: àwọn gbólóhùn tí ó ní kí wọ́n yọ kúrò, tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ọkùnrin tó sanra ló kọ́kọ́ kà: “‘Ìbànújẹ́ akéwì yìí wúwo lórí ewì rẹ̀ bí ìgbà tí erin bá jókòó lé abẹ́rẹ́.’”

“Ẹ gbà mí o!” Màmá náà ń nu ojú lábẹ́ gíláàsì. “Ìwọ yìí ló wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ báyìí?”

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín náà, jàre,” ni ọkùnrin tó sanra náà dá a lóhùn. “ Ẹ̀yin tí ẹ kọ ojú ewé mẹ́rin kí ẹ tó dárúkọ ìwé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí.”

“Mo rántí erin yẹn,” ni Bàbá Tíṣà wí. “Oṣù méjì la fi bẹ̀ ẹ́ kó tó dìde.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì dùn mí pé èmi kọ́ ni mo pa á lẹ́rìn-ín.

“Àbúrò wa, ó yá, ìwọ náà dìde,” ni màmá náà wí.

Mo ka ojú ewé kan tí mo ti kọ sílẹ̀ nípa Bàbá Tíṣà: bí ó ṣe ń fọwọ́ tọ ògiri dé ẹnu ẹ̀rọ omi, bí ó ṣe ń dá ènìyàn mọ̀ nípa ìró ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun kò pàtẹ́wọ́.

“Kí lo yọ?”

“Kò sí, sà.”

“Irọ́ ni. Àròkọ náà dé ibì kan, ó sì ṣẹ́rí padà.”

Láàárọ̀ ni mo yọ ọ́, n kò sì kọ ọ́ síbì kankan.

“Mo yọ ibi tí mo ti ní kí ẹ má lọ, sà.”

Ọkùnrin gíga náà tẹjú mọ́ ilẹ̀.

“Ó yẹ kó o fi í sílẹ̀ níbẹ̀,” ni Bàbá Tíṣà wí. Ó wá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Gbogbo kókósẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó pupa. “Omi gbígbóná ni. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn.”

Èmi tí mo kọ odindi ojú ewé kan lórí rẹ̀, n kò rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, èmi náà bá wọn kó ìwé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó gbé e lọ. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn nígbà ìsinmi. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà, ẹ ṣé, mà.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo kọ àròkọ tuntun, mo sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú yàrá rẹ̀ tó ti ṣófo, mo ń kà á sókè. Aládùúgbò wa kan yọjú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Kò sí ẹnì kankan, mà.”

“Tóò. Rọra ṣe é o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọmọ sùn ni.”

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo sì kà á parí.