Orin Tí Roy Kò Gbọ́

Ẹnu Roy Thackray ló kó bá a, mi ò ní parọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni. Láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ olórin wa sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí kan ní Hull, òun onígìtá, èmi onílù, Malcolm akọrin, iwájú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde gan-an ló máa ń dúró sí, á sì yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Ẹni tó bá ki òwú bọ etí nínú wa gbé lọ́wọ́ ẹnu rẹ̀:

"Etí ń dùn ẹ́ ni, ìyá àgbà? Lọ jókòó sílé, kó o máa hun súwẹ́tà!"

Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ apẹja ni, omi òkun ló gbé bàbá rẹ̀ lọ, orin tó sì kọ fún bàbá yẹn ló gbé wa dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, òkìkí lọ, irun orí wa náà tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni etí Roy bẹ̀rẹ̀ sí í hó bíi kẹ́tùlù tó wà lórí iná. Dókítà ní kó má lu gìtá mọ́, kí èyí tó kù má baà lọ. Maureen ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Etí ikún! Èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú ẹgbẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́, torí tí a bá ń ṣeré, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ mi.

"Colin, bó o bá sọ fún Malcolm, o pa mí nìyẹn. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

"O ti dàgbà, Roy. Sinmi, jàre."

"Ìwọ lọmọdé! Ṣáà gbé igi ìlù ẹ sókè kí n lè mọ̀ tí orin bá ti parí."

Jámánì tún ń pè wá, Malcolm sì ti búra pé ẹni tó bá ba eré tí a fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ní Hull jẹ́ ò ní tẹ̀ lé wa lọ.

Sátidé yẹn, eré ń lọ dáadáa. Orin bàbá Roy la fi ń kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Bí a ṣe dé ègbè, àwọn èrò gbà á lẹ́nu Malcolm. Ó juwọ́ sí wa pé ká dákẹ́, kí wọ́n máa dá a kọ, bí àwọn èèyàn wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé igi sókè. Kí n tó rántí pé àmì tí èmi àti Roy jọ ní nìyẹn, ó ti tẹríba fún wọn, ó fa wáyà gìtá rẹ̀ yọ, ó wọlé lọ. Àwọn èrò rò pé ó ń ṣeré ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún gbóhùn sókè sí i.

Mo fi ìlù sílẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bá a nínú yàrá tí a ti ń múra, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Wọn ò pàtẹ́wọ́," ó ní. "Wọ́n kàn lanu sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ṣé mo bà á jẹ́ ni, Colin?"

Ohùn wọn ń mi ògiri. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí gbogbo àwa tí a ti ń bá a rẹ́rìn-ín látọjọ́ yìí. Mo dúró síbi tó ti lè rí ẹnu mi.

"Wọ́n ń kọrin ni! Orin bàbá ẹ ni wọ́n ń kọ!"

Malcolm ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tìbínú-tìbínú ló dé, ṣùgbọ́n bó ṣe rí mi tí mò ń pariwo mọ́ Roy, ó yé e pé Roy ò gbọ́ràn mọ́. Roy rí i, kò tiẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́ mọ́.

"Ibo ni wọ́n dé nínú orin náà báyìí?" ó béèrè.

Malcolm kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń la ẹnu dáadáa, ó ń bá wọn kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí Roy lè rí i. Roy ń wo ẹnu rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, títí orin fi parí.

Onígìtá mìíràn la mú lọ sí Jámánì.