Nígbà Tí Mo Yọ Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Kúrò Nídìí Tẹlifíṣọ̀n

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ní òun ti fi bọ́ọ̀sì kan, ohun tí òyìnbó ń pè ní "TV box", rán ẹnì kan sí wa. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, yóò sì máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbé fíìmù, bọ́ọ̀lù àti wáàsí wá fún Bàbá. Ó ní kí n yọ kọ̀ǹpútà gàgàrà tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n kúrò, kí n gbé e fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù, àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́.

Inú bí mi. Èèyàn á jókòó sínú yìnyín lọ́hùn-ún, á wá máa sọ fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí mo wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ohun tó yẹ kí n gbé kúrò ní pálọ̀ wa. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná.

Àbúrò mi ti gbàgbé ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ ni. Ìdúmọ̀tà ni bàbá mi ti ta fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé síídì. Nígbà tí ọjà náà kú, tí tọmọdé tàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù lórí fóònù, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó ní kí wọ́n fi háàdì dísìkì ńlá sí i, ó wá jókòó tì í, ó ń da kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe fíìmù títà nìkan. Òun ló máa ń gbé kámẹ́rà kiri ní gbogbo ayẹyẹ agboolé wa, ìsọmọlórúkọ, nìkáì, wòlímọ́tù, kódà ọjọ́ tí wọ́n kun ilé lọ́dà. Gbogbo òkú agboolé wa ló wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

Bí a bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bọ̀dá mi hàn mí díẹ̀." Bàbá á ṣe fọ́ńté bí ìgbà tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ní kí wọ́n jókòó, á tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ẹni tó ti kú á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, á máa jẹ mọ́ínmọ́ín, á máa ké mọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn tó wá wò ó á rẹ́rìn-ín, wọ́n á nujú, wọ́n á sì máa lọ sílé wọn.

Màmá mi kú lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́ rárá. Bàbá wà níbẹ̀. Iwájú ló dúró sí nígbà tí wọ́n kírun sí i lára, òun náà ló kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà tí iyè bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi fìlà sí. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé pé òun ti jẹun. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú.

Ìran kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ, ìyẹn ọjọ́ tí Màmá dé láti Mẹ́kà. Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò nínú aṣọ funfun, ó ti dúdú, ó ti rù, àwọn obìnrin agboolé sì yí i ká, wọ́n ń kọrin. Bàbá ló gbé kámẹ́rà, nítorí náà a ò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́: "Alájà mi! Alájà tuntun! Wo ibí!" Màmá á fi ìborùn bo ojú, eyín góòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sẹ́nu á máa dán lábẹ́ rẹ̀, á ní, "Alájì, ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lójú mi jàre, mi ò tíì wẹ̀."

Bí ó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, Bàbá á lu itan, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Á wá yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ bá mi pè é, kó wá wo ara ẹ̀."

Ibẹ̀ ni wàhálà wa wà. Ní agboolé wa, ọmọ kì í túfọ̀ fún òbí. Àgbàlagbà ló ń túfọ̀ fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a ṣe. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló máa ń wá láti Adéníji Adélé pẹ̀lú àgbàlagbà méjì. Wọ́n á jókòó ti Bàbá, wọ́n á béèrè oúnjẹ tó jẹ, wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ikú àwọn ẹni ńlá tó ti lọ, títí òun náà á fi fura kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀. Tó bá wá dé etí rẹ̀, Bàbá á sunkún bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ náà ni lójú tirẹ̀. Á béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Á béèrè ẹni tó kírun sí i lára. Á ní kí ló dé tí wọn ò fi pe òun.

Tó bá di Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún ní kí n tan kọ̀ǹpútà.

Ó sú Àǹtí. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mi ò lè máa túfọ̀ òkú kan ṣoṣo fún ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo Jímọ́ọ̀. Irin kọ́ lèmi náà." Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún un. Ẹni kan á ní Màmá lọ sí àsàlátù, ẹlòmíì á ní ó lọ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bàbá á gbà wọ́n gbọ́, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ìbínú ọkọ tí aya rẹ̀ pẹ́ lóde. Ó ní àsàlátù wo ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ títí di Mọ̀gàríbì? Ẹ̀rín á pa mí, ẹkún á sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bọ́ọ̀sì àbúrò mi dé, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò tú u. Ó tún pè. Ó ní kọ̀ǹpútà ń jẹ iná, bọ́ọ̀sì ò jẹ ẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ń hó bí ẹ̀rọ ata, bí iná bá sì ṣẹ́jú báyìí, ó di kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí bí ọ̀lẹ. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ Bàbá tó ń gbọ̀n ò lè di máòsì mú mọ́, ṣùgbọ́n rìmóòtù bọ́ọ̀sì ò ní ju bọ́tìnnì díẹ̀ lọ. Mo ní kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni nínú wa nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ da fídíò sínú fúláàṣì, kẹ́ ẹ fi há a lẹ́yìn. Kí ló wá le níbẹ̀?" Mo ní kò sí ohun tó le. Mi ò ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí wáyà. Bí Màmá bá ti wà nídìí tẹlifíṣọ̀n yẹn lọ́nàkọnà, Bàbá á máa rí i, á máa ní ká pè é wá, á sì máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ títí òun náà á fi kú. Bí mo bá sì yọ ọ́, èmi ni mo yọ ìyá mi kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, Àǹtí rìnrìn àjò. Bàbá wo ìran Mẹ́kà, ó ní kí n pe Màmá, mo ní ó ń bọ̀. Mo wọ kíṣìnnì láti yí ẹ̀bà. Nígbà tí mo jáde, àga ti ṣófo. Ojú títì ni mo ti bá a, ó ti dé fìlà, kò wọ bàtà, ọ̀kadà ń ya fún un lọ́tùn-ún lósì. Ó ní pápá Oníkan lòun ń lọ, níbi tí Màmá ti máa ń ta mínírà lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, pé ọjà ló máa dá a dúró. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó já a gbà. Ọkọ̀ ń fọn fèrè mọ́ wa. Ẹ̀rù ti bà mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

"Bàbá, Màmá ti kú."

Ó dúró. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ lo wá túfọ̀ ìyá ẹ fún mi? Lójú títì?" Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀. "Àbúrò mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kú tán ni? Ṣé kò wá ku àgbàlagbà kankan nílé wa ni?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó sì ń sunkún Màmá àti Àǹtí pọ̀. Mo ń búra fún un pé Àǹtí wà láàyè, kò gbà. Kí ni ọmọ á máa wá ṣe nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí àgbà bá wà? Nígbà tí Àǹtí dé lọ́jọ́ kejì, Bàbá ń fi ọwọ́ méjèèjì kàn án lójú bí ẹni tó rí òkú tó jí, ó ń pe Ọlọ́run. Àǹtí wò mí, kò bá mi wí. Ó ní, "Gbé nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀."

Mo yọ wáyà rẹ̀. Mo fi ìró Màmá kan wé kọ̀ǹpútà náà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo so bọ́ọ̀sì mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo sunkún lórí ìró yẹn bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín.

Bàbá fẹ́ràn bọ́ọ̀sì, kí n má parọ́. Á ṣe bísímílà kó tó tẹ rìmóòtù. Ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ń wo ìjàkadì àwọn òyìnbó, ó ń gbọ́ Kùránì. Ó sanra. Ó béèrè Màmá fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kò béèrè mọ́. Àwọn ará ilé tó wá wo òkú wọn, mo ní kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn. Àbúrò mi ń pè, ó ń yọ̀ pé Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń sùn dáadáa.

Ọjọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ orúkọ ìyá mi lẹ́nu rẹ̀. Mo dá ọ̀rọ̀ Màmá sílẹ̀, ó ní kí n fi bọ́ọ̀lù sí i. Mo mọ̀ pé bí ó bá sunkún, èmi ni mo fà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó sunkún. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo fa kọ̀ǹpútà jáde, mo so ó padà, mo sì fi ìran Mẹ́kà sí i.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ohùn Bàbá ń pè é ní Alájà tuntun. Bàbá fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó bí àlejò ṣe ń wo fọ́tò ara ògiri onílé. Kò lu itan. Nígbà tí Màmá bo ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Obìnrin yìí lẹ́wà o. Ta ni wọ́n?"

Mo ní, "Ìyá mi ni, Bàbá."

Ó yíjú sí mi, ó wò mí dáadáa, ó sì mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ fi wọ́n hàn mí. Ẹ jọ wọ́n. Tí ẹ bá délé, ẹ bá mi kí wọn."

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo ní wọ́n á gbọ́, sà.