Nọ́ńbà Bàbá Akégbàjarè

Ìtàn tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Akégbàjarè ni ti ọjọ́ tí wọ́n kó àwọn adóòlà ẹ̀mí lọ sí yàrá ara wọn. Igbe àpótí tó máa ń ké bí bàálù bá já ni àwọn adóòlà gbọ́ lójú òfuurufú, ni gbogbo èèyàn bá ní bàálù kan ti já sáàárín ìlú. Bàbá, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tún rédíò bàálù ṣe, gbé ẹ̀rọ agbóhùn kọ́rùn, wọ́n ní kí àwọn adóòlà máa tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n bi obìnrin tó ń sá aṣọ léèrè bóyá bàálù kọjá níbẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan aránṣọ pé ó gbé bàálù pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí igbe náà ṣe ń le sí i ni ojú Bàbá ń le sí i, títí wọ́n fi já sílé ara wọn, tí wọ́n fa àpò iṣẹ́ wọn yọ lábẹ́ ibùsùn. Àpótí tí wọ́n gbé wálé láti tún ṣe ló wà nínú rẹ̀ tó ń ké. Bàbá pa á, wọ́n wo ọ̀gá àwọn adóòlà lójú, wọ́n ní, "Ẹ rí i pé ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí."

Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà mọ́ wọn lórí. Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní pápá bàálù, a sì ń pe ara wa ní onímọ̀ ẹ̀rọ, nítorí kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ pè wá bẹ́ẹ̀. Ìrù bàálù ni àpótí akégbàjarè máa ń wà. Bí bàálù bá fi agbára lulẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí ìkànnì tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó wà nínú ewu, sátẹ́láìtì á sì gbọ́. Àléébù ti àtijọ́ ni pé kì í sọ ẹni tó ń ké, ó sì máa ń ké lásán ju kó ké nítòótọ́ lọ. Ká má parọ́, ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú igbe lásán yẹn ti ń wá.

Nígbà tí ìròyìn dé pé sátẹ́láìtì ò ní fetí sí ìkànnì àtijọ́ mọ́, àfi ti àpótí tuntun tó ń sọ bàálù tó ń ké àti ibi tó wà, Bàbá fàáké kọ́rí. Wọ́n ní ẹkún ni ẹkún ń jẹ́, pé ta ló ń bi ọmọ tó ń sunkún léèrè orúkọ kó tó gbé e. Àwa náà gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tí kò bá ti ní fi kún iṣẹ́ wa, kì í pẹ́ ká tó gbà á.

Àfi bí ọmọbìnrin wọn ṣe ríṣẹ́ awakọ̀ bàálù tó ń fọ́n oògùn sóko. Bàálù náà ti gbó, àpótí àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, oníbàálù sì ní òun ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá já sínú igbó, sátẹ́láìtì kan ò ní gbọ́. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀yìn yọ. Bàbá lọ jókòó sí àga awakọ̀, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n ní àwọn ò sọ̀kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ àpótí. Oníbàálù bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀, ó halẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó wọn. Ìyá gbé oúnjẹ dé, a rò pé wọ́n fẹ́ fi tan Bàbá sọ̀kalẹ̀ ni. Wọ́n nà án sí Bàbá lójú fèrèsé, pé kí wọ́n jẹun yó, nítorí ọ̀rọ̀ náà lè pẹ́. Kí oúnjẹ tó tán, oníbàálù ti gbà.

A rán Bàbá létí pé àwọn náà ló sọ pé ẹkún ni ẹkún ń jẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹkún ọmọ ẹlòmíì ni mò ń sọ nígbà yẹn."

Àpótí tuntun yìí, dandan ni kéèyàn fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ fún un, kí àwọn adóòlà lè rí ẹni pè bó bá ké. Nọ́ńbà ara wọn ni Bàbá fi sílẹ̀ fún ti ọmọ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo bàálù tó wà ní pápá, pé àwọn ò lè fọkàn tán ẹni tó ń pa fóònù tó bá fẹ́ jẹun. Àwa ni wọ́n ń bá wí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi agbára gbé bàálù balẹ̀ jù, fóònù Bàbá á dún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti sáré jáde, wọ́n gbé orí tí wọ́n fá dé ìdajì wọ pápá. A rẹ́rìn-ín títí inú ń dùn wá.

Lọ́jọ́ tó wá kan ọmọ wọn, ṣọ́ọ̀bù la jọ wà. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn adóòlà ló pè, ó ní àpótí kan ń ké nínú igbó lẹ́yìn odò, ó dárúkọ bàálù náà, ó ní ṣé wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá tó máa ń sọ̀rọ̀ títí á fi sú wa fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni." A ò rẹ́rìn-ín o. A wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ káàkiri, ó sì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa.

Ẹ́ńjìnì ló kú lókè. Àwọn adóòlà bá a níbi tó jókòó sí lábẹ́ ìyẹ́ bàálù, apá rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, Bàbá dì mọ́ ọn, wọ́n bi í bóyá àpótí náà ké dáadáa. Ó ní, "Ó ké, bàbá mi." Ni Bàbá bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo wa.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àìsàn mú Bàbá lọ. Ó dùn wá gan-an. Lẹ́yìn ìsìnkú, a lọ sọ fún Ìyá pé a fẹ́ yọ nọ́ńbà Bàbá kúrò. Fóònù náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ká má yọ ọ́, pé àwọn náà létí. Kò sẹ́ni tó láyà jiyàn nínú wa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àpótí kan já bọ́ lọ́wọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù, ló bá figbe ta. Kí a tó rí i pa, àwọn adóòlà ti pe Ìyá, Ìyá sì ti pè wá.

Wọ́n ní, "Ta ló wà nínú rẹ̀?"

A ní kò sẹ́nì kankan, pé ọwọ́ wa ló yọ̀. A dúró de èébú.

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá wí. "Látìgbà tí Bàbá ti lọ, fóònù yìí ò dún rí."

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè wọ́n láìjẹ́ pé nǹkan kan já. Wọ́n á kọ́kọ́ bi wá pé ta ló wà nínú ewu. A ó ní kò sẹ́ni kankan, a kàn ní ká kí yín ni.