Rìmóòtù Bàbá Tíṣà

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Màmá Bánkẹ́, ìyàwó Bàbá Tíṣà, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe kí mi bí àwọn ará Ìjùmú ṣe ń kí ara wọn.

"Ọ̀kún o, Ṣọlá. Jọ̀ọ́, wá wo Bàbá."

Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rin gbingbin, ètè rẹ̀ gbẹ. Àkókò tí ooru Lọ́kọ́ja máa ń mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ilẹ̀ ni. Iná wà, fáànù sì wà níwájú bàbá, ṣùgbọ́n fáànù náà ti kú láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Rìmóòtù ló pa á, èmi ni mo sì ṣètò rìmóòtù náà.

Títún ẹ̀rọ inú ilé ṣe ni iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Gánájà. Alhaji Sálíù, ọkùnrin Ebira kan tó ń tún rédíò ṣe, ló kọ́ mi níṣẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń bi í léèrè pé kí ni obìnrin fẹ́ fi irin gbígbóná tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ṣe. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn: "Ṣé wáyà mọ̀ bóyá obìnrin ló dì í mú ni?"

Nígbà tí rédíò dín kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, mo kọ́ iṣẹ́ rìmóòtù. Irú kan wà tó lè darí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé. A ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó ṣí sọ́fúwíà tí wọ́n ṣe fún un, a ó kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí i, a ó sì yan iṣẹ́ fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ yẹn ni yóò máa hàn lójú rìmóòtù.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n sọ́fúwíà tí mo ń sọ yìí dà bí ẹni tó ń bínú tí kò sì sọ ohun tó ń bí i nínú. Yóò ṣiṣẹ́ títí tó máa kù díẹ̀ kó parí, yóò wá dúró gbagidi. Tí mo bá tún un ṣí, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ. Nígbà míì yóò ní òun ti parí, kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Èsì wọn yá: wọ́n dúpẹ́ fún sùúrù mi. Mo tún kọ̀wé, wọ́n tún dúpẹ́.

Ọmọ Ìjùmú ni Bàbá Tíṣà, àdúgbò Òtókítì ni òun àti Màmá Bánkẹ́ ń gbé. Èdè Yorùbá ló kọ́ àwọn ọmọ títí tó fi fẹ̀yìntì, kí àìsàn tó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Rìmóòtù mẹ́rin ló máa ń wà lórí itan rẹ̀. Tí ọ̀kan bá já bọ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un, ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n ṣe ẹyọ kan tí a lè so mọ́ apá àga. Ohun kan péré ni bàbá béèrè, pé kí n kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ náà ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì wọn.

"Mo ti fi bírò pupa fa igi sí ìwé àwọn ọmọ púpọ̀ nítorí àmì," ó wí. "Mi ò ní jókòó sílé kí n máa wo àṣìṣe lójoojúmọ́."

Mo kọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ, mo dán bọ́tìnnì mẹ́ta wò, wọ́n ṣiṣẹ́, mo sì jáde. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni ohun tí mo sọ nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Bàbá, bóyá ibi tí kò yẹ lẹ tẹ̀."

Ó tọ́ka sí rìmóòtù náà. "Ṣọlá, ara mi ló rọ. Ojú mi ò fọ́. Gbà, tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ."

Mo tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Fáànù, tí Màmá ti fi ọwọ́ tàn kí n tó dé, kú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Màmá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Mo ti kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀," ó wí. "Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó ní ọ́fíìsì kí n máa rò ó pé ooru ti pa á."

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, Màmá."

Mo fi ọjọ́ méjì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí mo bá tún ibì kan ṣe, ibòmíì a bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹta mo gbéra lọ sílé Alhaji Sálíù. Kò mọ kọ̀ǹpútà tàn, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sí mi dé òpin.

"Ṣé gbogbo èyí tí o ti ṣe ló ń ya wèrè?"

"Rárá, Alhaji. Ti àwọn oníbàárà yòókù ń ṣiṣẹ́."

"Gbé èyí tó dára sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ṣàìsàn. Wá ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe rédíò nìyẹn?"

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí iṣẹ́ oníbàárà míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá. Gbogbo nǹkan bára mu, àfi orúkọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ti ẹni yẹn, Yorùbá ni ti bàbá. Mo yọ gbogbo àmì kúrò, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣiṣẹ́. Mo dá àmì padà. Ó bàjẹ́. Sọ́fúwíà náà kò mọ àmì lórí lẹ́tà. Lójú tiwa lẹ́tà kan ni, lójú tirẹ̀ ó ń gba àyè méjì tàbí mẹ́ta. Orúkọ tẹlifíṣọ̀n, tí mo kọ ní "Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán", ti kún àyè tirẹ̀, ó wá ń na ẹsẹ̀ sórí ibùsùn fáànù. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, títí omi fi jáde lójú mi.

Nígbà tí mo tún yọ àmì kúrò tí mo sì gbé e dé Òtókítì, mo ṣàlàyé fún bàbá.

"Kò gba àmì rárá?"

"Kò gbà á, sà."

"Ẹ̀rọ tí kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ǹjẹ́ o ní pépà tó ń lẹ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì?"

Mo yọ ọ́, mo sì mú bírò kí n lè bá a kọ ọ́. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. "Gbé bírò náà wá."

Láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ìwé báńkì dípò kó kọ orúkọ rẹ̀. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́ bí ipa ìgbín, ìkejì sàn díẹ̀. Nígbà tó kọ "Fáànù" tán, ó padà sórí rẹ̀, ó fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ó sì gbé e jìnnà sójú láti wò ó.

"Mo fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá," ó wí.

Màmá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn ló kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà sí. Sọ́fúwíà náà ṣì ń dúró gbagidi, àwọn tó ṣe é ṣì ń dúpẹ́ fún sùúrù mi, mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ àmì yìí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Tí oníbàárà bá fẹ́ orúkọ ní Yorùbá, Bàbá Tíṣà ni mo ń gbé pépà lọ bá. Ọjọ́ méjì ló máa ń lò lórí rìmóòtù kan, nítorí kì í jẹ́ kí èyí tí kò tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá jáde nílé rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ọ̀gá tó ń kọ ọ́ kì í kánjú.