X Tí Màmá Mi Fà ní Ẹkùn Ìdìbò Tí Kò Sí Mọ́

Òórùn ìda tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ pátákó ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìwé kan ní Wakefield, níhìn-ín ní Bronx, ni wọ́n ti ń dìbò, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ mìíràn. Wákàtí méjìlá ni mo ti fi tọ́jú arúgbó kan kí n tó débẹ̀, orúnkún ń ro mí, ìlà sì gùn. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé ìbò àti bírò, ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. Ìhín ni mo bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ kàn kun circle yẹn dáadáa o. Ẹ má fi X sí i, machine yẹn ò ní kà á." Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Ó rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dàgbà síhìn-ín lè máà mọ̀ pé àwa kan gba London kọjá kí a tó dé Amẹ́ríkà. Bàbá mi ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀, màmá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí òórùn koríko gígé ti ń gba afẹ́fẹ́ kan ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àwọn ilé ibẹ̀ jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará àdúgbò kì í sábà kí ènìyàn, àfi bí o bá fa ajá lọ́wọ́. Ajá ni wọn yóò kọ́kọ́ kí, kí wọ́n tó wá rí ìwọ.

Ẹkùn ìdìbò ni ibẹ̀ nígbà náà, ó ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ń rán ẹnì kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sí lórí ìwé ìbò kankan mọ́. Lẹ́yìn ogun ńlá ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé níbẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun, ó sì wà lórí àga náà títí ó fi kú. Oníṣòwò kan nínú ẹgbẹ́ kan náà ló gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, òun náà jókòó títí oorun fi ń gbé e lọ nílé ìgbìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kejì rí i gbà, ìjókòó wọn kò sì tíì gbóná tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi já a gbà padà. Missis Pẹ́rí ló sọ gbogbo èyí fún mi, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn tí màmá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí bí mo bá ti ilé ìwé dé. Bí ó bá ń bó ọ̀dùnkún, á máa ka orúkọ àwọn tó wọlé àti àwọn tó fìdí rẹmi bí ẹni ń ki oríkì.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn méjì péré ló du ipò náà. Èmi àti Missis Pẹ́rí sọ ọ̀kan ní Onífìlà, a sọ èkejì ní Onígíláàsì. Onífìlà sọ pé ilé ìwòsàn kékeré yẹn ń náni lówó jù, kí wọ́n tì í, kí àwọn aláìsàn máa lọ sí ti ńlá nínú ìlú. Onígíláàsì ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n tì í. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ibi iṣẹ́ màmá mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, owó ibẹ̀ la sì fi ń jẹun kí bàbá mi tó ṣe tán. Missis Pẹ́rí ló sọ fún màmá mi pé àwa náà lè dìbò, nítorí ilẹ̀ tí Ọbabìnrin ti jọba lé lórí rí la ti wá. Màmá mi kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, ó fi ìka tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi wà níbi ìdánwò lọ́jọ́ ìbò, nítorí náà èmi ni mo tẹ̀ lé màmá mi. Gbọ̀ngàn ilé ìwé mi ni wọ́n lò. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí màmá mi ti dìbò rí nílé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀, àwòrán sì wà lára àpótí. Èyí tí o bá fẹ́ ni wàá ju ìwé sí, ó parí. Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbí, pẹ́ńsù kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì, wọ́n sì lẹ àwòrán X gàdàgbà kan mọ́ pátákó. Ojú ń ti màmá mi láti bi àwọn òyìnbó tó jókòó níbẹ̀ léèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi.

"Kí ni wọ́n ń fi X yìí ṣe?"

Mo mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ti fi í sí ìṣirò tí mo ṣì láìmọye ìgbà. Mo ní, "Èyí tí kò dára ni wọ́n ń fi í sí, Màmá."

"Ká fagi lé e, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mú pẹ́ńsù, ó sì fagi lé Onífìlà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé dáadáa. Ó ní èyí tó kù ti yege nìyẹn. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ra súìtì fún mi.

Onífìlà ló wọlé. Ìbò tó fi borí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tún un kà. Lọ́jọ́ kejì, Missis Pẹ́rí jókòó ní kíṣìnì wa, ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá mi ní kó má jẹ́ kó dùn ún, àwa ṣe tiwa, òun fi X sí ara Onífìlà gàdàgbà. Missis Pẹ́rí gbé ife tíì kalẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé pé ẹni tí a bá fẹ́ ni a ń fi X sí. Lẹ́yìn náà ó bi í pé ta ló sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dì mọ́ ẹ̀yìn àga. Màmá mi wojú mi, ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà kí ọdún mìíràn tó yí po. Missis Pẹ́rí kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ létí òkun, n kò sì rí i mọ́. Bọ́ọ̀sì méjì ni màmá mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ títí bàbá mi fi ṣe tán tí a padà sí Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú bí ó bá dé, èmi ni mo sì máa ń gbé omi gbígbóná wá. Kò dìbò mọ́ láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ti di tòun rí.

Mo ti kọjá ẹni àádọ́ta ọdún kí n tó jẹ́wọ́. Ìbò ń bọ̀ nílé lọ́dún náà, mo pè é láti ìhín, ó tún ní òun kò lọ. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dìbò."

Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Èmi tí mo bi ọmọdé ní ọ̀rọ̀ àgbà ni mo jẹ̀bi." Ó tún wá bi mí pé, "Ṣùgbọ́n ìbò mélòó gan-an ni ọkùnrin yẹn fi borí?"

Mo sọ fún un pé n kò rántí. Irọ́ ni mo pa. Ó kú láìdìbò, ó sì dùn mí.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi, ó wá ibẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti tún ààlà fà, wọ́n gé ẹkùn náà sí méjì, wọ́n fi apá kan fún ti òkè, wọ́n fi ìyókù fún ti ìsàlẹ̀. Fúláàtì ni ilé ìwòsàn náà báyìí. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ènìyàn kan fẹsẹ̀ wíwú sanwó títì tí wọ́n tì í. Èmi kì í fo ìbò kankan ní ìlú yìí, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n ti ka èsì, mo máa ń yọ ìbò kan lọ́kàn mi kúrò nínú ti ẹni tó borí, mo sì máa ń fi í kún ti ẹni tó fìdí rẹmi, kí n tó gbà pé ó ti parí.