Ìbéèrè Tí Ọ̀gá Mi Rán Mi sí Dókítà

Bí mo bá gbọ́ dókítà lórí rédíò tó ń sọ pé àwọn aláìsàn wa kì í béèrè ọ̀rọ̀, pé wọ́n kàn ń gba oògùn bí ẹni tó ń gba sàráà ni, inú a máa bí mi. Irọ́ ni. A máa ń béèrè. Mo rántí ọ̀gá mi tó béèrè, ohùn rẹ̀ já gaara, dókítà sì jókòó síwájú rẹ̀, àárín wọn kò ju tábìlì kan lọ. Ibi tí ìbéèrè náà há sí ni mo fẹ́ sọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ Àbújá lọ́wọ́ ni. Life Camp tí àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ olówó ńlá wọ̀ lónìí, àgọ́ àwa òṣìṣẹ́ ni nígbà náà, eruku pupa lójú, eruku pupa nínú ọbẹ̀. Káfíńtà òrùlé ni wá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ̀gá mi, àgbà ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tí kì í jẹ́ kí ìrun kan fò ó. Ààfáà ni gbogbo sáìtì ń pè é. Mo ti gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ka ìwé girama dé kíláàsì kẹta, òyìnbó tí mo sì ń sọ ń dùn mọ́ èmi fúnra mi létí ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú ọ̀gá mi, èmi ni mo di ògbufọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, nítorí dókítà tí a bá níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Hausa.

Ẹ bá mi dé orí bẹ́ńṣì ọsibítù yẹn ná. Bí ìbéèrè bá jẹ́ iyọ̀, ìlú kan ì bá fi se ọbẹ̀. Ṣé mo lè mu àgbo tẹ̀lé e? Bí ara mi bá ti yá, ṣé kí n dá a dúró? Oògùn tí wọ́n kọ fún mi lóṣù tó kọjá ńkọ́, ṣé kí n pa á pọ̀ mọ́ tuntun? Gbogbo aláìsàn tó jókòó níbẹ̀ ni wọ́n ń dán ìbéèrè wọn wò létí ara wọn bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ kéwì. Bí wọ́n bá sì wọlé tí ilẹ̀kùn pa dé, wọ́n á jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ orí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ, ìbéèrè wọn á ṣì wà lọ́nà ọ̀fun.

Ọ̀gá mi kò gbé tirẹ̀ mì. Dókítà ti kọ oògùn náà tán, ẹyọ kan láràárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ó sì ti na ọwọ́ mú káàdì ẹni tó kàn. Ọ̀gá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó kí dókítà kú iṣẹ́, ó kí i kú ìtọ́jú, ó ṣàdúrà fún òun àti àwọn tó bí i. Ó wá ní, "Ààwẹ̀ kù bí ọ̀sẹ̀ méjì. Oúnjẹ kì yóò kàn mí lẹ́nu láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀. Ṣé kí n lo oògùn yìí ní sààrì ni, àbí kí n fi di ìgbà ìṣínu, àbí kí n pa á tì?" Ohun tó béèrè nìyẹn. Dókítà tó jẹ́ ọmọ ìkókó nígbà tí ọ̀gá mi ti ń kan òrùlé kò gbójú sókè. Ó ń fi bírò gbá tábìlì, kó, kó, kó. Ó ní, "Kí ló ń wí?"

Ìtìjú bò mí. Gbogbo kíkí yẹn, báwo ni n ó ṣe tú u fún ẹni tó ń kánjú báyìí? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ọlọ́gbọ́n ọ̀dọ́ gbà pé ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun, sà."

Dókítà mi orí. Ọ̀gá mi yíjú sí mi: "Kí ló fèsì?"

Mo ní, "Ó ní kò séwu."

Ààwẹ̀ dé. Ọ̀gá mi ń lo oògùn ní sààrì bí ẹni tí wọ́n fún láṣẹ, ó sì ń gun àjà lọ́sàn-án nínú oòrùn tó lè yan àgbàdo. Ó tó ọjọ́ kẹrin, mo rí i tí òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ó ń fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ ìṣó. Ó pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. A gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ra wọn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Àwọn aláìnítìjú kan ti ń pàtẹ́wọ́. "Kai! Ààfáà ti mu bùrùkùtù nínú ààwẹ̀!" Fọ́ọ̀mánì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ọtí kò kàn lẹ́nu rí! Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán nínú ara mi títí dòní. Kí a tó gbé e dé ọsibítù nínú ọkọ̀ akóyanrìn, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ omi ṣúgà sínú iṣan. Ṣúgà! Ohun tí a kò jẹ́ kó kan ètè rẹ̀ láti oṣù bíi mélòó kan. Kò pẹ́ tó fi la ojú. Dókítà kan náà yẹn ló wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wa: oògùn ti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, oúnjẹ kò sì sí nínú ikùn láti gbé e sókè. Díẹ̀ ló kù kí ó kú. Ta ló ní kó máa lò ó láìjẹun? Kí ló dé tí ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí kì í béèrè?

Mo tú u fún ọ̀gá mi. Ó ní, "Sọ fún un pé òun ló ní kò séwu."

Mo tú ìyẹn náà fún dókítà. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí òpùrọ́, èmi tí mo purọ́ dúró láàárín, mo ń wo ilẹ̀. Mo sọ òtítọ́ ní èdè òyìnbó, mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Dókítà nawọ́ sí mi: "Ẹ ò rí i? Ọmọ yín ni, kì í ṣe èmi."

Ọ̀gá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Tú èyí bó ṣe rí, má gé e. Ọmọ mi purọ́, n ó bá a wí. Ṣùgbọ́n bi í léèrè. Lọ́jọ́ náà mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ọmọ yìí la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé. Ṣé dókítà kò bi ara rẹ̀ pé níbo ni ìyókù ọ̀rọ̀ lọ?"

Mo tú u, n kò gé e. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Dókítà wo ọ̀gá mi, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò ó. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì dáhùn: kó má gbààwẹ̀ pẹ̀lú oògùn yìí, bí ó bá fẹ́ gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá kí oṣù tó lé, kí wọ́n wò ó bóyá ara rẹ̀ lè gbé e, bóyá oògùn mìíràn wà. Ó parí. Ìdáhùn náà kúrú débi pé ẹni tó ń jẹ obì kò tíì ní gbé e mì tán. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí ọ̀gá mi fẹ́ bá lọ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí a délé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí, mi ò fẹ́ kí ojú tì yín lọ́dọ̀ rẹ̀ ni." Kò pariwo. Ó ní, "Nígbà mìíràn, bí mo bá fẹ́ tẹ́, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tẹ́."

Ó ti pẹ́ tí ó ti lọ ilé òdodo, àtọ̀gbẹ kọ́ ló pa á. Èmi náà ti di àgbà tí wọ́n ń fi ọmọ ṣọ́ ní ọsibítù. Mo sì ń bínú sí dókítà yẹn síbẹ̀, tọkàntọkàn, nítorí tábìlì rẹ̀ ló há ọ̀rọ̀ àgbà mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo bá bínú dé ibì kan, ọ̀nà a tán, nítorí irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá mi lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà pẹ̀lú. Ìtìjú tirẹ̀ kọ́ ni mo ń sá fún níwájú dókítà lọ́jọ́ náà. Ìtìjú tèmi ni.