Àwọ̀n Tí A Ń Fọ̀ ní Ìbàfò

Ìbàfò jìnnà sí òkun, síbẹ̀ àwọ̀n apẹja wà lórí ọgbà ilé wa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló gbé e wá láti abúlé wa létí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ. Epo rọ̀bì ló tú sójú agbami, ìgbì sì gbé e wá bá àwọ̀n tí wọ́n dẹ sílẹ̀ mọ́jú. Dúdú ni wọ́n fà á jáde.

“Tó bá ti fọ̀ mọ́, màá padà sílé,” ni Bàbá Kékeré wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Mi ò pẹja rí o, àmọ́ mo fẹ́ràn àwọ̀n bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé rọ́bà tó ń léfòó ni wọ́n ń so mọ́ okùn òkè, tí wọ́n ń so òjé mọ́ tìsàlẹ̀, kó lè dúró nínú omi bí ògiri. Nítorí náà mo tètè rí ibi tí wàhálà wà. Okùn ọ̀rá kì í mu epo, inú kókó ni epo ń sá pamọ́ sí. Mo ra kẹrosíìnì ní Mówè, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha kókó kọ̀ọ̀kan, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sá a. Bí oòrùn bá ti mú, epo á tún yọ, á máa dán.

Lọ́jọ́ kan tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀, obìnrin aládùúgbò wa kan tó ń sin adìẹ gbé ẹsẹ̀ sókè láti kọjá.

“Yí i ká! Má dá a kọjá!” Bàbá Kékeré pariwo. “Àwọ̀n tí wọ́n bá dá kọjá, òfo ló ń mú bọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹja wo ló tún ń gbọ́ wa n'Ìbàfò níbí?” Ó yí i ká. “Ẹja àkọ́kọ́, tèmi ni o!”

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Ìyàwó wọn máa ń pè láti ilé. Ó ní epo ṣì ń dán lójú omi, ẹja ṣawa tí wọ́n bá sì yan ń rùn bí àtùpà. Ìbéèrè kan ló máa ń fi parí ọ̀rọ̀: “Ṣé ó ti mọ́?”

“Ó kù díẹ̀,” ni Bàbá Kékeré máa ń dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi èékánná tẹ kókó kan lórí áńkáṣíìfù funfun. Ó yọ dúdú. Mo ní kí a gbìyànjú omi gbígbóná.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “tó bá tiẹ̀ mọ́, inú omi wo ni kí n jù ú sí?”

Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo nǹkan, mo tún mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ń ha kókó mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó ti àwọ̀n náà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé òjé rẹ̀ kúrò, wọ́n ń kó wọn sínú ọ̀rá kékeré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe aládùúgbò wa.

“Ṣé àwòdì ṣì ń gbé ọmọ adìẹ rẹ? Wá mú àwọ̀n yìí bo orí ilé wọn.”

“Bàbá, ẹ ò wá padà sílé mọ́ ni?”

Wọ́n so ẹnu ọ̀rá òjé náà. Adìẹ rẹ̀ kan ti tẹ̀ lé e wá, ó gba orí àwọ̀n kọjá, ó ń ṣa ilẹ̀ jẹ. Mo sáré láti lé e.

“Fi í sílẹ̀,” ni Bàbá Kékeré wí.